Páǹpù Tí Wọ́n Gbé Síwájú

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú àárò ilé. Àlàáfíà ni mo wà. Orúnkún mi ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀ ti mọwọ́ ara wa. O ní kí n máa pè ọ́ lórí fóònù. Nínú ẹbí yìí, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n rẹ yóò béèrè ohun tó sọ àti ẹni tó sọ ọ́ fún. Bírò kì í pariwo.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Ọkọ̀ mi tún kú lójú títì. Ìkóríta kóòtù ni, ní ọ̀sán gangan, lẹ́yìn tí a ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún ìgbà pípẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́ títí, ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò rí i sín. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ tí ara ẹ́ńjìnnì tutù, ó jí fúnra rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìròyìn dé etí ẹ̀gbọ́n rẹ kí n tó délé. O mọ̀ ọ́n, òun náà ni Alága wa: bí ènìyàn méjì bá ti pàdé lójú rẹ̀, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, ó pe ìpàdé ẹbí. Àwa mẹ́ta ni a wà níbẹ̀: òun ni alága, ìyàwó rẹ̀ ni akọ̀wé, èmi ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jíròrò. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan lórí ààbò àwọn àgbàlagbà. Ìpinnu ni pé bí ọkọ̀ náà bá tún kú lójú títì lẹ́ẹ̀kan péré, títà ni, òun yóò sì máa ṣètò ìrìnnà mi. Kò bi mí léèrè. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wa ọkọ̀ yìí. Nígbà tí mo rà á, alága tí mò ń wí yìí ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. Bí mo bá fẹ́ fi ọkọ̀ sílẹ̀, ẹnu mi ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí wọ́n ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

Mẹkáníìkì mi, èyí tí a ń pè ní Dókítà, ní páǹpù epo ló ti rẹ̀. Ohun kékeré kan ni, tí wọ́n dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tó ń fa epo láti inú táǹkì lẹ́yìn wá fún kabúrétọ̀ níwájú. Irú rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́. Àlòkù tí mo rí, ó ti gbó ju tèmi lọ. Jọ̀ọ́, bá mi wá a lọ́dọ̀ yín. Má sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tí wọn kò tíì tà.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìrọ́jú orúnkún. Iṣẹ́ ń lọ. Ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn náà ni mo ṣì wà, àmọ́ wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ̀ lọ sídìí èyí tó ń lọ̀. Irínwó aṣọ ibùsùn lójúmọ́. Bí òtútù bá ń pa gbogbo ìlú, èmi ń làágùn.

Kí n tó dórí páǹpù, mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá yín rò. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé sí mi pé "ọkọ̀ kan nínú ẹbí" gbá géètì ilé ìjọsìn wó. Màmá, ẹ ò sọ fún mi. Ṣé bí a ó ti máa ṣe é nìyẹn? Mo wà lọ́nà jíjìn, ohun tí ẹ bá sọ fún mi nìkan ni mo mọ̀.

Ó dáa. Mo wọ bọ́ọ̀sì mẹ́ta lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta irin ọkọ̀ àtijọ́. Bàbá tó wà nídìí káńtà gbọ́ orúkọ ọkọ̀ yín, ó bọ́ fìlà. Ó ní ṣé ó ṣì ń rìn. Mo ní ó ń rìn, ó sì tún ń kú. Ó ní kí n má wulẹ̀ wá irú ti tẹ́lẹ̀ mọ́, páǹpù oníná ló kàn. Mo mú èyí tó tóbi jù, torí pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní ti ọkọ̀ ìgbàlódé nìyẹn, agbára rẹ̀ pọ̀ jù, abẹ́rẹ́ kékeré tó ń ṣọ́nà epo nínú kabúrétọ̀ kò ní lè dá a dúró, epo yóò sì bo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Kékeré oníwà pẹ̀lẹ́ ni kí n mú. Òun ni mo fi ránṣẹ́ yìí.

Bàbá náà ya àwòrán sórí páálí, mo fi í sínú àpótí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún Dókítà. Ẹ̀yìn ni kí ó gbé páǹpù yìí sí, lábẹ́ ọkọ̀, lẹ́bàá táǹkì, kí ó sì rẹlẹ̀ ju táǹkì lọ. Páǹpù oníná mọ epo tì, kò mọ̀ ọ́n fà. Kí wáyà rẹ̀ gba ara súìṣì kékeré tí mo fi sí i, èyí tó ń mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí páǹpù lè lù díẹ̀ bí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ó sì lè dákẹ́ bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, yóò kàn máa da epo sílẹ̀ ni. Kí ó yọ páǹpù àtijọ́, kí ó sì fi irin pẹlẹbẹ inú àpótí bo ojú ihò rẹ̀. Màmá, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo rẹ̀, ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn.

Ọmọ yín,
tó ń lọ aṣọ fún ẹni tí kò mọ̀ rí.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iná aṣọ. Àpótí dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti tú u wò lójú ọ̀nà, wọ́n sì tún un dì bí ìgbà tí ọkùnrin bá ká aṣọ.

Nípa ti géètì: lóòótọ́, ọkọ̀ kan nínú ẹbí gbá a. Ọkọ̀ Alága ni. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn jáde, ó sì yọ orí síta láti ṣàlàyé fún mi bí ó ti yẹ kí ènìyàn máa fi ẹ̀yìn rìn. "Ọkọ̀ kan nínú ẹbí" ni ó ní kí ìyàwó rẹ̀ kọ sínú ìwé ìpàdé. Ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ ṣẹjọ́ tán tí kò gbọ́ tẹnu rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Mò ń retí i.

Ní báyìí, Dókítà ti fi páǹpù sí i. Ó yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà pípẹ́, ó ní ó rẹwà. Lẹ́yìn náà ni ó ní iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ti àkọ́kọ́ jókòó sí, ẹni tó bá sì jogún àga bàbá rẹ̀ kì í gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Ibi tí ti àtijọ́ wà gan-an ni ó gbé tuntun sí, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó bo ojú ihò. Ó fi súìṣì kékeré náà sí i, torí pé ó ń dán.

Páálí rẹ wà nínú báàgì mi ní gbogbo àkókò yìí. Má bínú. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà. Kò sí ohun tí mo kórìíra bí òbí tó bá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi tòun ti ìwé lọ́wọ́, tó fẹ́ kọ́ mi bí a ti ń kọ́ ìṣirò. Oníbàárà mẹ́ta ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì Dókítà lọ́jọ́ náà. Ṣé kí n wá mú páálí jáde, kí n máa ka iṣẹ́ fún ọ̀gá nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀? Mo ní tó bá yá, n ó sọ fún un níkọ̀kọ̀.

Àmọ́ ọkọ̀ náà jí ní ìyí kan ṣoṣo. Bí mo bá ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ìdajì, páǹpù á máa lù tàkà-tàkà-tàkà, bí kabúrétọ̀ bá ti yó, á dákẹ́. Mo wà á lọ sọ́jà láàárọ̀, mo wà á bọ̀. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tí bàbá oníkáńtà ń sọ yẹn, àṣejù díẹ̀ wà níbẹ̀. Bá mi kí i ṣá.

Ìyá rẹ,
awakọ̀.


Ogúnjọ́, oṣù kẹrin

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ ní orúkọ ẹbí, mo sì kí ọ ní orúkọ ara mi. Láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojúṣe tó wà lọ́rùn mi ni mo ti fa àkókò yọ láti fi ìwé yìí ṣọwọ́ sí ọ, mo sì fi í ránṣẹ́ ní ọ̀nà ìfìwéránṣẹ́ tó ń yára jù.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo yọ̀ǹda ara mi láti wọ ọkọ̀ Màmá, kí n lè fi ojú ara mi ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Ní agogo kan ọ̀sán, ní ìkóríta kóòtù, ọkọ̀ náà kú. Èmi, pẹ̀lú fáìlì mi lábẹ́ abíyá, ni mo sọ̀ kalẹ̀ tí mo fi ọwọ́ méjèèjì tì í, níṣojú adájọ́ méjì tó mọ̀ mí dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn kí mi kú iṣẹ́. Màmá jókòó sídìí ọkọ̀, wọ́n sì ń sọ fún mi láti ojú fèrèsé pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀, kì í ṣe ikùn.

Ìwádìí fi hàn pé o fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ láìgbé e wá síwájú ìpàdé. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ti rí oníbàárà. Ọkùnrin tó ń ra ọkọ̀ àtijọ́ ni, yóò sì wá ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù karùn-ún. Màmá ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò fara mọ́ ọn. A ti kọ ọ́ sílẹ̀. A kò gbà á wọlé.

Bí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, má gbàgbé bàtà tí mo sọ fún ọ. Ìwọ̀n mẹ́rìnlélógójì. Aláwọ̀ dúdú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, fún àti ní orúkọ ẹbí.


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Mo kí yín. Ìkíni mi kò gùn lónìí.

Lẹ́tà yín àti ti ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́jọ́ kan náà. Mo tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ géètì, mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì. Ó tán.

Màmá, ẹ̀yin lẹ fún mi ní òdo ní kíláàsì kẹrin torí pé mi ò ka ìbéèrè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo kíláàsì ló rẹ́rìn-ín. Ẹ wá fi páálí sínú báàgì. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn gbóná bí ibi tí mo ti ń lọ aṣọ. Kí epo tó dé iwájú, ó ti hó di ooru, ooru kì í sì í ṣe ohun tí páǹpù ń rí gbé mì. Láàárọ̀ tí ara ọkọ̀ tutù, yóò máa tàn yín jẹ. Mo sọ fún bàbá oníkáńtà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Nígbà tó gbé e padà sójú, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ọkọ̀ náà kò ní gun òkè lọ́sàn-án láéláé, páǹpù náà yóò sì jó.

Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló kù. Lẹ́tà ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé, owó èyí tó ń yára kò sì sí lọ́wọ́ mi. Ọmọlúàbí tí ẹ ń ṣe fún Dókítà ni yóò tà yín fún ọkùnrin ọlọ́kọ̀ àtijọ́ yẹn. Mi ò ní kí ẹ dójú tì í. Àmọ́ ẹ wá ọ̀nà kan tí páǹpù yóò fi dé ẹ̀yìn. Ẹ mọ bí a ti ń kọ́ ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun. Ara mi lẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ọmọ yín,
tí kò rí oorun sùn dáadáa.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù. O bá mi wí dáadáa, mo sì gba máàkì tí o fún mi.

Mo lọ bá Dókítà láàárọ̀ kùtù, kí àwọn oníbàárà rẹ̀ tó dé. Mo ní ọ̀rọ̀ kan ń dàmú mi, kí ó bá mi yanjú rẹ̀. Mo gbé korobá omi sílẹ̀, mo fún un ní hóòsì gígùn kan, mo ní kí ó gun orí bẹ́ǹṣì, kí ó fẹnu fa omi náà gòkè. Ó fà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọnú, ojú rẹ̀ yọ síta, omi dé àárín hóòsì, ó padà sílé. Mo ní kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí èmi gun bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú orúnkún mi yìí. Mo ní kí ó bu omi sẹ́nu, kí ó fẹ́ ẹ sínú hóòsì láti ìsàlẹ̀. Omi náà bá mi lójú.

Ó wo hóòsì, ó wo ọkọ̀.

"Tíṣà," ó ní, "ta ló ní kí n gbé nǹkan yìí síwájú ná?"

"Èmi náà ò mọ̀," mo ní.

"Ẹ̀yìn ló yẹ kó wà."

"Ìwọ lo nímọ̀ iṣẹ́."

Kí ó tó di ọ̀sán, páǹpù ti wà lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́bàá táǹkì, lórí rọ́bà, kí ó má baà máa gbọ̀n mọ́ irin. Nígbà tí oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́ dé, Dókítà ti ń ṣàlàyé rẹ̀ fún un bí ẹni tó lá a lálàá. Mo jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ kì í wọ akẹ́kọ̀ọ́ lára tán, àfi ìgbà tó bá ń búra pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ òun.

Ọjọ́ pé. Alága dé ní agogo méjìlá pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀. Mo ní kí a jọ jáde. Oníbàárà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Alága àti fáìlì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ náà wà níbẹ̀, torí pé wọn kò gbọdọ̀ ṣàìkọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Mo kíyè sí i pé Alága wọ bàtà tí ènìyàn lè fi ti ọkọ̀. A dé ìkóríta kóòtù, a há sáàárín ọkọ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Oòrùn ń jó wa lórí. Nígbà tí ọ̀nà là, mo yà sí ọ̀nà òkè, mo gùn ún dé téńté. Ọkọ̀ náà kò wúkọ́.

Wàyí o, gbọ́ ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Oníbàárà ní ọkọ̀ yìí mà dára ju bí wọ́n ti ròyìn rẹ̀ fún òun lọ, òun yóò gbé e lónìí olónìí. Inú Alága dùn, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo ti tún ọkọ̀ mi ṣe fún ẹni tó fẹ́ gbé e lọ. Ọkùnrin náà wá béèrè pé orúkọ ta ló wà nínú ìwé ọkọ̀. Alága ṣí fáìlì, ó tún un ṣí. Ìyàwó rẹ̀, tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ nípàdé rí, ló dáhùn láìgbé ojú sókè nínú ohun tó ń kọ.

"Orúkọ Màmá ni."

Ọkùnrin náà kọjú sí mi. Mo ní mi ò tà á. Ó ní òun náà kò ní tà á bí ó bá jẹ́ tòun, ó kí mi, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sísàlẹ̀ òkè. Nínú ìwé ìpàdé, a ti kọ ọ́ pé a ṣe àtúnṣe sí páǹpù náà lábẹ́ àbójútó Alága.

Ìyá rẹ,
tó gun òkè lọ́sàn-án.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Ẹ kú oríire. Ẹ kú ìjà. Ìdí ẹ̀rọ ìlọṣọ ni mo ti ka lẹ́tà yín, aṣọ ibùsùn méjì jó mọ́ mi lọ́wọ́, wọn kò tíì mọ̀ pé èmi ni. Bàbá oníkáńtà ní kí n ka ibi omi àti hóòsì fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bí Dókítà bá fẹ́ iṣẹ́, kí ó máa bọ̀.

Ẹ máa wà á lọ, Màmá. Kí ẹnikẹ́ni má gba kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ yín títí n ó fi dé.

Bàtà ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́nà. Ìwọ̀n mẹ́tàlélógójì ni mo rí.

Ọmọ yín.


Ogúnjọ́, oṣù keje

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì dúpẹ́. Jókòó kí o tó ka èyí. Kì í ṣe pé mò ń ṣàìsàn.

Kí lẹ́tà rẹ tó dé ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Mò ń lọ síbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ìyá àgbà ní ìwé kíkà. Ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ na ọwọ́ sí mi láti apá ọ̀tún. Mi ò rí i. Kì í ṣe pé mo pẹ́ kí n tó rí i. Mi ò rí i rárá. Ó fò bọ́ sẹ́bàá ọ̀nà kí n má baà gbá a. Nígbà tí mo dúró, ó wá bá mi lójú fèrèsé, ó sì ní, "Ẹ má bínú, Tíṣà." Mo kọ́ ọ ní kíláàsì karùn-ún. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, òun ló ń bẹ̀ mí.

Oníṣègùn ojú ní nǹkan ti bo ojú ọ̀tún. Kò ní kí n má wakọ̀ mọ́. Ó ní kí n máa ṣọ́ra, èyí tí wọ́n máa ń sọ fún àgbà tí ẹ̀rù rẹ̀ bá ń bà wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi wa ọkọ̀ jáde. Ohun tó dùn mí jù ni pé Alága jàre, tí kò sì mọ ìdí tí òun fi jàre. Bí mo bá sọ fún un, yóò pe ìpàdé, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló gba kọ́kọ́rọ́. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, n ó pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí ìgbéraga. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, wọ́n ní. Èmi sunkún díẹ̀, mo sì ríran.

Ní ọjọ́bọ̀, mo ránṣẹ́ pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo mú un lọ sọ́nà tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, mo ní kí ó jókòó sídìí ọkọ̀.

"Màmá, wọ́n ní kò pọn dandan kí n mọ̀ ọ́n wà."

"Ta ni wọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ó ní eyín tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n ti ń gbé e kiri bí fáìlì. Mo ní kí ó ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ìdajì, kí ó dúró, kí ó tẹ́tí sẹ́yìn. Bí ó bá ti dákẹ́, kí ó jí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi páǹpù. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó kú lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ní kí ó wà wá lọ sílé rẹ̀. Ìgbà náà ni mo sọ fún un nípa ojú mi, mo sì ní láti òní lọ, òun ni yóò máa gbé mi kiri, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yóò máa wà. Ó kàn sún àga síwájú díẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kanlẹ̀ dáadáa.

Alága wà níta nígbà tí a yọ. Ó rí ọkọ̀ mi, ó tún ìdúró rẹ̀ ṣe, ó na ọwọ́ méjèèjì láti dá wa dúró, ẹnu rẹ̀ sì ti ń lọ. Èmi ló rò pé òun ń bá wí. Ó dé iwájú ọkọ̀ gan-an kó tó rí ẹni tó wà nídìí rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ gbọnin.

Ìyàwó rẹ̀ yọ orí síta.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà," ó ní. "A ò tíì kọ́ búrẹ́kì dé ibẹ̀ yẹn."

Ó yà.

Ìyá rẹ,
tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.